Bí a ṣe ń yan fáníìṣì aláìdán fún mọ́dẹ́lì, àti bí a ṣe ń fín in kó má funfun

Fáníìṣì aláìdán ló sábà máa ń kan mọ́dẹ́lì, ìyẹn ohun kékeré oníke tí a ń tò kó jọ ohun gidi, kẹ́yìn. Bó bá bọ́ sí i dáadáa, ike tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tò, tí ẹ sì kùn, á wá jọ irin, á jọ aṣọ, á jọ igi. Bí kò bá bọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ á funfun bí ẹni da ẹfun lé e lórí, ìṣẹ́jú kan péré sì ti tó fún ìyẹn láti ṣẹlẹ̀. Kì í sábàá jẹ́ ìgò tí ẹ rà ló ba iṣẹ́ jẹ́. Àìrò fáníìṣì inú ìgò pọ̀ dáadáa, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, àti fífín in láti ọ̀nà jíjìn ló ń bà á jẹ́. Ohun mẹ́ta yìí ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò ni ọkọ̀ òfuurufú Spitfire Mk.I ní ìwọ̀n 1/48 (ìdá kan nínú 48 ti ọkọ̀ gidi), pẹ̀lú àwọ̀ tó ní lọ́dún 1940: Dark Green (àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn) àti Dark Earth (àwọ̀ ilẹ̀) lókè, Sky (àwọ̀ ewé tó mọ́ rẹ́súrẹ́sú) nísàlẹ̀. Táńkì ogun, ère ọmọ ogun àti Gunpla (mọ́dẹ́lì róbọ́ọ̀tì Gundam láti Japan) ń tẹ̀lé ìlànà kan náà. Níbi tí wọ́n bá ti yà kúrò, a ó sọ ọ́.

Ohun tó ń pa ìdán

Fáníìṣì tó ń dán ni fáníìṣì aláìdán tẹ́lẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú sílíkà tó kúná púpọ̀ ni wọ́n pò mọ́ ọn. Bí tínà inú rẹ̀ ti ń gbẹ lọ, tí awọ fáníìṣì náà ń sún kì, orí àwọn hóró sílíkà á máa yọ, ojú rẹ̀ á sì rí ṣákiṣàki, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kò lè rí i. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á á fọ́n ká dípò kó ta padà sójú kan.

Sílíkà wúwo, ó sì máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò tó bá dúró pẹ́. Ẹni tó bá fín omi òkè ìgò láìrò ó, fáníìṣì tó ń dán ló fín yẹn. Bó bá wá di ọjọ́ mìíràn tó lo ìyókù ìsàlẹ̀, sílíkà ti pọ̀ jù nínú tọ̀hún, iṣẹ́ á sì funfun. Ìgò kan náà ni, àbájáde rẹ̀ di méjì, ẹlòmíì á sì máa bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Àwọ̀ tó ṣókùnkùn náà máa ń mọ́ díẹ̀ sí i lábẹ́ fáníìṣì yìí, torí ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká ń dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ náà kó tó dé ojú wa. Dark Green ara Spitfire á mọ́ sí i, àmọ́ agbára káká ni ẹ fi máa rí ìyàtọ̀ lára Sky. Dúdú tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Lancaster ló ń tú àṣìṣe síta jù lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dán fáníìṣì tuntun wò, orí àwọ̀ dúdú ni kí ẹ ti dán an wò. Bí kò bá funfun níbẹ̀, kò ní funfun níbòmíràn.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó má dán tó?

Ẹ má kàn fín gbogbo nǹkan kó kú pátá. Nínú ìwé àwọ̀ FS 595 ti ìjọba Amẹ́ríkà, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń sọ bí àwọ̀ ṣe ń dán: 1 ń dán, 2 ń dán díẹ̀, 3 kò dán. FS 36375 tó wà lára F-16 fi 3 bẹ̀rẹ̀. FS 17875, tó jẹ́ funfun, fi 1 bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé tó bá ohun tí ẹ ń tò wá bá lo nọ́ńbà yìí, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Táńkì ogun tó ti rìn nínú eruku lè kú pátápátá, ó sì bá a mu. Spitfire ti 1940 kò dán, àmọ́ ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń pa á lára lójoojúmọ́, nítorí náà apá 3 fáníìṣì aláìdán pọ̀ mọ́ apá 1 èyí tó ń dán díẹ̀, láti ilé iṣẹ́ kan náà, ló dára jù fún un lójú tiwa. Fún ère ọmọ ogun, ẹ pa ìdán aṣọ, ẹ jẹ́ kí bàtà àti bẹ́líìtì awọ dán díẹ̀, kí ẹyinjú sì máa dán. Gunpla tí ẹ kò kùn rárá pàápàá máa ń yí padà pátápátá bí fáníìṣì aláìdán bá ti kàn án, torí ìdán ike ló ń mú un jọ ohun ìṣeré ọmọdé. Ọkọ̀ òfuurufú akérò àti mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kò nílò rẹ̀. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ jẹ́ irin lásán, tí wọn kò kùn, ẹ jìnnà sí i: fáníìṣì aláìdán á sọ àwọ̀ fàdákà di eérú.

Ẹ fi ohun tó wà nísàlẹ̀ yan èyí tó máa gun orí rẹ̀

Irú lacquer ló lágbára jù, òun ló sì fẹ́lẹ́ jù. Nínú agolo, Tamiya TS-80 àti Mr. Super Clear Flat B514 ni wọ́n mọ̀ jù. Nínú ìgò fún airbrush (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà), Tamiya LP-23 àti Mr. Color C182. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20, ó ti gbẹ débi tí ọwọ́ lè kàn án. Ìṣòro rẹ̀ ni pé tínà rẹ̀ mú. Bí ẹ bá fín in kó tutù bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀, ó lè yọ́ decal (sítíkà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń rẹ sómi), ó lè gbé ọ̀dà enamel (ọ̀dà elépo) sókè, ó sì lè jẹ ọ̀dà olómi tí kò tíì gbẹ dénú.

Irú olómi, bíi Vallejo 70.520 àti AK183, kò bá ohunkóhun tó wà nísàlẹ̀ jà. Ẹni tí kò ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń ráyè jáde, ẹni tí ọmọdé wà nílé rẹ̀, ẹni tó fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é, èyí ni kó rà. Àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó le, ó sì máa ń ṣẹ́jọ sínú kọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti funfun.

Láàárín méjèèjì ni Tamiya XF-86 àti Aqueous H20 ti Mr. Hobby wà. Acrylic tó ń lo ọtí ni wọ́n, ẹ sì lè fi tínà X-20A tàbí Mr. Color Leveling Thinner ro XF-86. Ti Leveling Thinner ló ń jẹ́ kó tẹ́jú jọ̀lọ̀. Bí ẹ bá máa ra ẹyọ kan ṣoṣo láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí, XF-86 ni kí ẹ rà.

Enamel, bíi Humbrol 49, dùn ún fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, àmọ́ ó ń gba wákàtí 24 sí 48 kó tó gbẹ, irú èyí tó ti pẹ́ sì máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí funfun bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Òfin tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹ lè fi olómi lé orí lacquer láìbẹ̀rù; bí ẹ bá fẹ́ fi lacquer lé orí olómi tàbí enamel, kí ìsàlẹ̀ gbẹ fún wákàtí 48, kí ìpele méjì àkọ́kọ́ sì jẹ́ kùrukùru lásán.

Ìkìlọ̀ méjì lórí ohun tí ẹ máa rà. Tamiya X-21 tí wọ́n kọ Flat Base sí lára kì í ṣe fáníìṣì; ohun tí a ń fi pa ìdán nǹkan mìíràn ni. Bí ẹ bá fín in lóun nìkan, mọ́dẹ́lì á funfun lójú ẹsẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ X-22, fáníìṣì tó ń dán ti Tamiya, apá 1 sí apá 10, kí ẹ tó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi bá ohun tí ẹ fẹ́ mu. Èkejì: tínà ọ̀dà mọ́tò tí wọ́n ń bù tà láti inú gálọ́ọ̀nù ní ọjà wa mú jù fún ike polystyrene. Ó dára fún fífọ airbrush. Ẹ má fi ro fáníìṣì tó máa kan mọ́dẹ́lì.

Ojú ọjọ́

Àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tó wá láti òkè òkun sábà máa ń sáré kọjá níbí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ní ilẹ̀ wa. Bí tínà lacquer bá ń sáré gbẹ, ó máa ń mú ojú iṣẹ́ tutù, bí ọ̀rinrin bá sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, omi á ṣẹ́ sórí fáníìṣì tó ṣì tutù, á há sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì funfun. Ìwọ̀n 20°C sí 28°C ló dára, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ má ju ìdá 60 nínú 100 lọ. Ní Èkó lásìkò òjò, ó sábà máa ń ju 80 lọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ ra aago kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin. Kò wọ́n, ó sì ṣe pàtàkì ju ìgò fáníìṣì kejì lọ.

Láàárín aago 12 ọ̀sán sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn mú, ni ọ̀rinrin máa ń rẹlẹ̀ jù lóòjọ́. Àsìkò yẹn ni kí ẹ lò. Bí òjò bá ń ṣú, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó ní éésì lè tàn án fún wákàtí kan kó fi fa omi inú yàrá kúrò, bó bá ní àpótí fífín tó ń fa èéfín síta. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún èyí: mọ́dẹ́lì tó ti tutù nínú yàrá éésì, tí ẹ wá gbé síta lójijì, omi á ṣẹ́ sí i lára kí ẹ tó fín nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó wà níta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó lè móoru bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Àsìkò ọyẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Kò sí ọ̀rinrin, àmọ́ afẹ́fẹ́ gbẹ débi tí ẹ̀kán fáníìṣì lè gbẹ lójú ọ̀nà kó tó débi iṣẹ́, á wá bọ́ lé e bí iyanrìn. Eruku náà kò sì jẹ́ kó rí mímọ́. Lásìkò yẹn, ẹ súnmọ́ iṣẹ́ sí i, ẹ fi tínà tó ń pẹ́ gbẹ kún un, kí ẹ sì wọ́n omi sílẹ̀ yàrá kí eruku lè balẹ̀. Fún àwọn tó wà ní London lásìkò òtútù, agolo tó tutù kì í ní agbára, ẹ̀kán ńláńlá ló máa ń tu jáde. Ẹ rẹ agolo náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Omi náà kò gbọ́dọ̀ ju 40°C lọ, ẹ má sì gbé agolo sítòsí iná láé, ó lè bú gbàù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fáníìṣì aláìdán

Ọ̀dà aláìdán gan-an ni Dark Green àti Dark Earth, ojú rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki. Bí ẹ bá lẹ decal mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, etí decal á sì máa ta yanran bíi fàdákà. Fáníìṣì aláìdán kò lè bo èyí mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fín èyí tó ń dán, X-22 tàbí irú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24, kí ẹ tó lẹ decal pẹ̀lú Micro Set àti Micro Sol, omi méjì tó ń mú decal rọ̀ kó lè dì mọ́ ojú iṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣì há síbì kan, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi gún un, kí ẹ tún fi Micro Sol sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi aṣọ tó lómi díẹ̀ nu gbogbo ara rẹ̀. Gọ́ọ̀mù decal àti omi Micro Sol tó gbẹ máa ń fi àmì sílẹ̀, èyí tí ojú kì í rí lórí ìdán, àmọ́ tó máa ń yọ gedegbe bí ìdán bá ti kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ tún fín èyí tó ń dán lé decal lórí, ní fẹ́lẹ́. Wash enamel (ọ̀dà enamel tí a pò kó ṣàn bí omi) tí ẹ máa dà sí ojú ìlà ara ọkọ̀ wá tẹ̀ lé e; ẹ fi white spirit (tínà elépo tí kò mú) nu àjẹkù rẹ̀, kí ẹ fún un ní wákàtí 24 ó kéré tán. Ẹni tó ń ṣe Gunpla kó ṣọ́ra níbí: wash enamel tó bá wọ oríkèé tí wọ́n fi ike ABS ṣe lè mú un sán.

Ìgbésẹ̀ fífín pẹ̀lú airbrush

1. Ẹ fi téèpù ìbora bo gíláàsì ibi ìjókòó awakọ̀, tàbí kí ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn rárá. Ẹ bo iná etí ìyẹ́ náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile, torí ọ̀rá ìka máa ń dán lábẹ́ fáníìṣì. Ẹ lo ìbòmú tó ní àgbá èédú tó ń gba èéfín kẹ́míkà. Ìbòmú eruku lásán kò dá èéfín tínà dúró rárá, ẹ̀dọ̀fóró yín ló máa gbà á.

2. Ẹ rò ó. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ fá ìsàlẹ̀ ìgò fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, títí ohun funfun kankan kò fi ní ṣẹ́kù síbẹ̀. Ríro dára ju mímì lọ, torí mímì ń kó ìfófòó wọ inú rẹ̀, ó sì lè má ká èyí tó ti dì sísàlẹ̀.

3. Ẹ fi tínà pò ó. LP-23 sí tínà lacquer Tamiya tàbí Leveling Thinner: apá 1 sí apá 1, ẹ lè dé apá 1 sí 2 bí ooru bá mú. XF-86: apá 1 sí 1. C182: apá 1 sí 1½ tàbí 2. Vallejo 70.520: apá 2 fáníìṣì sí apá 1 airbrush thinner tiwọn, pẹ̀lú ẹ̀kán retarder (ohun tó ń mú kó pẹ́ gbẹ) kan tàbí méjì lásìkò ọyẹ́. Mílílítà 6 sí 8 àdàlù á tó fún Spitfire kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìgò náà bá ti pẹ́, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ náílọ́nù sẹ́ ẹ wọ inú ife airbrush.

4. Ẹ lo imú 0.3 mm tàbí 0.4 mm. Sílíkà máa ń dí 0.2 mm, bí ó bá sì ti ń dí, á máa tu ẹ̀kán ńlá sórí iṣẹ́. Agbára afẹ́fẹ́: 15 sí 18 psi. Ọ̀nà tó jìn sí iṣẹ́: sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12.

5. Ẹ fín in sára ṣíbí oníke tí ẹ ti kùn ní Dark Green ẹ̀yin fúnra yín, tó sì ti gba gbogbo ìpele tí mọ́dẹ́lì gbà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20. Bó bá funfun lára ṣíbí, ṣíbí ló bàjẹ́.

6. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú kọ̀rọ̀: ìdí ìyẹ́, ibi tí ìrù ti pàdé ara, inú ihò táyà. Afẹ́fẹ́ máa ń ta padà nínú kọ̀rọ̀, ó sì ń kó ìyẹ̀fun gbígbẹ jọ síbẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ́kọ́ ṣe ibẹ̀, pẹ̀lú agbára tó rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹ kò ní máa padà síbẹ̀ ṣáá.

7. Ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ kùrukùru kí ìyókù lè dì mọ́ ọn. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5. Ìpele kejì ló ń ṣe iṣẹ́: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fín kí ẹ tó dé ara ìyẹ́, ẹ gbá a kọjá láìdúró, kí ẹ sì jáwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá rẹ̀. Kí ìlà kan bo ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ gbé fìtílà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ lè máa wo ojú ibẹ̀: ó gbọ́dọ̀ tutù, kó máa dán fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kí ìdán náà tó kú. Bó bá gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ ti jìn jù tàbí tínà kò tó. Bó bá tutù ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ, ó ti pọ̀ jù, sílíkà á sì ṣàn lọ sínú àwọn ìlà ara ọkọ̀.

8. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Ìpele mẹ́ta fẹ́lẹ́ ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ìkẹrin kì í pa ìdán kún un, ó kàn ń mú un nípọn tí àwọn ìlà fi ń kún ni. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kúrò lọ́wọ́ eruku, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24.

Ẹni tó ń lo agolo, bíi TS-80: ẹ mì í fún ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ tí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń ró. Ẹ fín in sórí páálí ná, nítorí èyí tó kọ́kọ́ jáde máa ń tu ẹ̀kán. Sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 ni kí ó jìn, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní kíákíá, kí ẹ sì máa fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ dojú agolo délẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ nìkan yóò fi jáde, kí imú rẹ̀ má baà dí.

Búrọ́ọ̀ṣì

Ó ṣeé ṣe, pàápàá fún ère àti táńkì kékeré. Irú olómi ni kí ẹ lò, pẹ̀lú omi ìdá 10 sí 20 nínú 100, àti búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ rírọ̀ tó fẹ̀ ní mílímítà 10 sí 12. Ẹ kùn ún sójú kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Pípadà sórí rẹ̀ lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú ló ń dá àpá sílẹ̀, torí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ẹ fi igun búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fa èyí tó bá ṣẹ́jọ sínú kọ̀rọ̀ kúrò kó tó gbẹ. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìpele kejì.

Bó bá bàjẹ́

Ẹ má ṣe fín fáníìṣì aláìdán lé ohun tó ti funfun lórí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò yìí: nígbà tó bá ti gbẹ fún wákàtí 24, ẹ fi white spirit díẹ̀ tutù ú níbi kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í wò. (Bí fáníìṣì yín bá jẹ́ enamel, omi lásán ni kí ẹ fi ṣe é.) Bí funfun náà bá pòórá nígbà tó tutù, tó sì padà wá nígbà tó gbẹ, orí fáníìṣì ló wà: sílíkà pọ̀ jù tàbí ó gbẹ lójú ọ̀nà. Ẹ fín fáníìṣì tó ń dán lé e ní fẹ́lẹ́. Á kún àwọn kòtò kékeré náà, àwọ̀ á padà wá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá tún fín aláìdán tí ẹ rò dáadáa.

Bó bá funfun síbẹ̀ nígbà tó tutù, inú ló wà, ọ̀rinrin ló há. Bó bá jẹ́ lacquer, ẹ dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí ẹ fi airbrush fín Leveling Thinner nìkan lé e, kùrukùru, 12 psi, láti sẹ̀ǹtímítà 15. Fáníìṣì á rọ̀ díẹ̀, omi á jáde, á sì tún dì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní fẹ́lẹ́, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan kó ṣàn, torí tínà yìí lè dé ibi decal. Bó bá jẹ́ irú olómi, ìyẹn ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ gbìyànjú fáníìṣì tó ń dán, bí kò bá sì yọrí, ẹ bó ibẹ̀ kí ẹ tún un kùn.

Bí ibì kan bá ń dán tí ibì kan kò dán, fáníìṣì kò rò tó tàbí kò dé ibẹ̀. Ìpele kan sí i, tí ẹ rò dáadáa, ti parí rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ń ha ọwọ́ bí iyanrìn, ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 2000 pa á lọ́wọ́ fẹ́ẹ́fẹ́, kí ẹ má kan decal, kí ẹ sì súnmọ́ iṣẹ́ ní ìgbà tó kàn. Bó bá sán tàbí tó ká, ohun tó wà nísàlẹ̀ kò tíì gbẹ dénú tàbí tínà mú jù fún un. Èyí kò ní àtúnṣe mìíràn ju kí ẹ bó o lọ.

Ohun tó ń tẹ̀ lé e

Àtíkè ẹrùpẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi ṣe eruku lára táyà tàbí èéfín lẹ́bàá páìpù ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn fáníìṣì aláìdán ni kí ẹ fi sí i. Bí ẹ bá fi í ṣáájú, fáníìṣì á rẹ ẹ́, ìlàjì rẹ̀ á pòórá. Ojú ṣákiṣàki yẹn gan-an ló ń dì í mú. Ibi tí irin ti bó létí ìyẹ́ náà, pẹ́ńsù lẹ́ẹ̀dì ló dára jù fún un, lẹ́yìn fáníìṣì, kí ìdán irin lè hàn.

Gíláàsì ni kí ẹ ṣí kẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé etí téèpù kí ẹ tó fà á, kí awọ fáníìṣì má baà tẹ̀ lé e ya. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín kan fáníìṣì tó ń dán sí iná etí ìyẹ́, àti sí ibi tí epo ti rin lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ fọ airbrush lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú tínà, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì nù ún mọ́, torí sílíkà tó bá gbẹ sínú imú rẹ̀ máa ń le ju ọ̀dà lásán lọ. Ẹ nu ẹnu ìgò mọ́ kí ẹ tó dé e. Èyí tó bá gbẹ létí rẹ̀ ló máa já bọ́ sínú, tó sì máa dí imú airbrush nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ lò ó.